Ohun Tó Mú Panettone Wú

Bí Kérésìmesì bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀ ní ìlú Mílàn, lórílẹ̀-èdè Ítálì, ilé tí panettone kò bá sí lórí tábìlì kò tíì múra ọdún. Búrẹ́dì dídùn ni, ó ga, orí rẹ̀ rí róbótó. Bọ́tà, pupa ẹyin, èso àjàrà gbígbẹ àti èèpo ọsàn tí wọ́n fi ṣúgà sè ló kún inú rẹ̀.

Wọ́n máa ń sọ pé Toni, ọmọ-ọ̀dọ̀ kan nílé ìdáná Ludovico Sforza, olórí Mílàn, ló ṣe é lọ́jọ́ tí alásè jó oúnjẹ àsè. Àlọ́ dídùn ni. Èyí tó wà ní àkọsílẹ̀ wù mí jù ú lọ. Ní ọ̀rúndún 15, Giorgio Valagussa, tó ń kọ́ àwọn ọmọ ilé Sforza níwèé, kọ ọ́ pé lálẹ́ ọjọ́ 24 oṣù Kejìlá, wọ́n á ti ìtì igi ńlá bọ iná, wọ́n á gbé búrẹ́dì àlìkámà mẹ́ta wá, baálé ilé á gé e fún tẹbí-tará, á sì fi ẹyọ kan pamọ́ di ọdún tó ń bọ̀. Títí dòní, àwọn ará Mílàn ṣì ń tọ́jú díẹ̀ lára panettone wọn di ọjọ́ 3 oṣù Kejì, ọjọ́ San Biagio, kí wọ́n fi ṣínu láàárọ̀, kí ọ̀fun má baà dùn wọ́n.

Kí ni kò jẹ́ kó bu látọjọ́ Kérésìmesì? Ìwúkàrà rẹ̀ ni. Wọ́n á po fúláwà mọ́ omi, á máa kan fúnra rẹ̀. “Ìyá” ni wọ́n ń pè é. Ẹni tó bá ti rẹ àgbàdo ògì rí ti mọ iṣẹ́ yìí: irú kòkòrò àìfojúrí tó ń mú omi ògì kan ló ń mú ìyá kan. Kíkan yẹn ni kì í jẹ́ kó tètè bu, yíìsì tí wọ́n jọ ń gbé inú rẹ̀ ló sì ń mú un wú.

Ìyá ń jẹun o. Kí wọ́n tó yan búrẹ́dì, wọ́n á fún un ní fúláwà àti omi tuntun lẹ́ẹ̀mẹta lóòjọ́, torí bọ́tà àti ṣúgà ń ni yíìsì lára. Ìyá tí kò lágbára kò lè gbé wọn. Wọ́n á po búrẹ́dì náà lálẹ́, á wú di ìlọ́po mẹ́ta kílẹ̀ tó mọ́, wọ́n á tún un pò, á tún wú. Tó bá jáde nínú ààrò, wọ́n á fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ gún ìdí rẹ̀, wọ́n á gbé e kọ́ lódìkejì títí á fi tutù, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á rì wọlé.

Pẹlẹbẹ ni panettone wà tẹ́lẹ̀. Angelo Motta, tó bẹ̀rẹ̀ òwò rẹ̀ ní Mílàn lọ́dún 1919, ló fi bọ́tà kún un, tó sì fi bébà yí i ká kó lè ga. Gioacchino Alemagna náà bọ́ sójà, wọ́n ń bára wọn díje, owó rẹ̀ wálẹ̀, ó sì kárí Ítálì. Carlo Bauducco, ará Turin, ṣí ilé búrẹ́dì tirẹ̀ ní São Paulo lọ́dún 1952. Àwọn ará Bràsíl náà ń fi ṣọdún báyìí.

Nílé iṣẹ́ ńlá pàápàá, ẹ̀rọ kò gbapò ìyá. Òfin tí Ítálì ṣe lọ́dún 2005 sọ pé ohun tí a kò bá fi ìwúkàrà kíkan ṣe, tàbí tí bọ́tà rẹ̀ kò tó ìdá 16 nínú ọgọ́rùn-ún, kì í ṣe panettone. Inú mi dùn sí òfin yẹn. Ẹni tó bá sì fẹ́ dán an wò nílé lọ́dún yìí, kó ti bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ ìyá láti oṣù Kẹwàá.