Ríra Erékùṣù fún Ìsinmi

Bí ẹ bá dúró létí ọ̀sà ní Èbúté Mẹ́ta, tí ẹ kọjú sí Ìddó, ariwo mọ́tò àti ti àwọn oníṣòwò ni ẹ óò máa gbọ́. Ta ni yóò gbà pé erékùṣù ni Ìddó rí, tí omi yí i ká? Afárá ló so ó pọ̀ mọ́ Èkó àti mọ́ òkè, ìdákẹ́rọ́rọ́ ibẹ̀ sì bá omi lọ.

Ọ̀pọ̀ ẹni tí Ọlọ́run bùkún fún ló ń wá erékùṣù kékeré kan rà, níbi tí igi àti ẹyẹ yóò jẹ́ aládùúgbò wọn. Èrò náà dára. Ṣùgbọ́n kí á tó kówó sílẹ̀, ó yẹ kí á mọ ohun tí a ń rà.

Láti ayébáyé, ilẹ̀ Èkó wà lábẹ́ àwọn ìjòyè Ìdẹ́jọ, bí Ọlọ́tọ̀, Olúwa àti Arómirẹ́. Ní 1913, ìjọba amúnisìn gba ilẹ̀ kan ní Àpápá. Àmódù Tìjání, tí ó jẹ́ Olóyè Olúwa, pe ẹjọ́ náà títí ó fi dé iwájú Ìgbìmọ̀ Ọba ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní 1921 ìdájọ́ jáde pé gbogbo ìdílé ló ni ilẹ̀, pé olóyè ń ṣọ́ ọ fún wọn ni, àti pé ìjọba gbọ́dọ̀ san owó gidi lórí rẹ̀. Nítorí náà, bí ọmọ ìdílé kan ṣoṣo bá ta erékùṣù fún yín, tí olórí ẹbí kò mọ̀ sí i, ẹ kò ra nǹkan kan.

Òfin Lílo Ilẹ̀ ti 1978 tún wá fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ìkáwọ́ gómìnà. Ẹ̀tọ́ láti lo ilẹ̀ fún iye ọdún kan, tí ó sábà máa ń jẹ́ 99, ni ìwé gómìnà ń fún wa. A kò lè tà á láìgba àṣẹ rẹ̀. Bí ìjọba bá gba ilẹ̀ padà fún ànfààní ará ìlú, ilé àti ohun ọ̀gbìn ni yóò san owó rẹ̀, pẹ̀lú owó ilẹ̀ ọdún náà. Iye tí a fún ìdílé kò sí nínú rẹ̀. Òfin 1993 sì ní ti ìjọba àpapọ̀ ni ilẹ̀ etí omi, títí dé 100 mítà. Ìpínlẹ̀ Èkó ti bá wọn jiyàn lórí èyí. Mélòó ni yóò ṣẹ́kù lórí erékùṣù kékeré?

Ẹ má gbàgbé àwọn tí ẹ óò bá níbẹ̀. Apẹja lè ti máa sá ẹja lórí iyanrìn náà láti ìgbà bàbá rẹ̀. Ní oṣù kìíní 2020, àwọn ọmọ ogun ojú omi lé àwọn ará Takwa Bay jáde, wọ́n ní àwọn kan ń jí epo inú ọ̀pá. Ọ̀pọ̀ ìdílé ló di aláìnílé lọ́jọ́ kan.

Bí ó bá jẹ́ pé igi àti ẹyẹ nìkan ni ẹ ń fẹ́, ọgbà ìdáàbòbò ẹ̀dá tí ó wà ní Lẹ́kì láti 1990, tí ó tó hẹ́kítà 78, ń gba gbogbo ènìyàn. Owó ìwọlé péré ni. Ẹni tí ó bá ṣì fẹ́ erékùṣù, kí ó lọ yẹ ìwé wò ní ọ́fíìsì ilẹ̀, kí ó mú sọ̀fíyọ̀ àti lọ́yà dání, kí ó sì bá olórí ẹbí, àwọn àgbà ìdílé àti apẹja sọ̀rọ̀. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.