Ṣé O Mọ̀? Ayò Tó Tibí Jáde, Ayò Tó Tòkèèrè Wọlé

Ṣé o mọ̀ pé Whot, ayò káàdì tí àwọn ọlọ́jà Onitsha máa ń ta nígbà tí ọjà bá tutù, tí ọ̀pọ̀ nínú wa sì gbà pé ti Nàìjíríà ni, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti bí i? William Henry Storey ló ṣẹ̀dá rẹ̀ láàárín ọdún 1930 sí 1939, ilé-iṣẹ́ Waddingtons sì ló tẹ̀ ẹ́ jáde. Ọ̀dọ̀ wa ló wá sọ di ilé. Àwọn káàdì tí a dojú wọn dé sílẹ̀, tí a ń fà nígbà tí ọwọ́ wa kò bá ní èyí tó bá a mu, "máàkẹ́ẹ̀tì" ni a ń pè wọ́n. Bí ẹnì kan bá ju mẹ́rìnlá sílẹ̀, "general market" ni, gbogbo àwọn yòókù á re ọjà. Ní ìlú tí Ọjà Ńlá rẹ̀ wà lára àwọn tó tóbi jù ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, mi ò mọ ọ̀rọ̀ mìíràn tó lè bá ayé ibẹ̀ mu tó bẹ́ẹ̀.

Whot wọlé wá. Kí ló jáde lọ?

Ayò ọlọ́pọ́n ni. Okwe ni àwọn Ígbò ń pe tiwọn, oware ni ti àwọn Akan ní Gánà, àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú kọjá òkun sì gbé e dé Antigua àti Barbados, níbi tí wọ́n ti ń pè é ní warri títí di òní. Òfin ayò yìí máa ń yàtọ̀ láti ìlú dé ìlú, ṣùgbọ́n ọwọ́ tí a fi ń ta á, ọ̀kan náà ni: bu ọmọ inú ilé kan, máa já wọn sílẹ̀ ní ìkọ̀ọ̀kan, kí o sì wo ibi tí èyí tó kẹ́yìn máa bọ́ sí.

Ṣé o mọ̀ pé ọwọ́ yìí gan-an ló wà nínú àwọn ayò orí tábìlì tí àwọn olùfẹ́ ayò ń fi owó ńlá rà káàkiri ayé lónìí? Stefan Feld, ará Jámánì, gbé Trajan jáde ní ọdún 2011. Abọ́ mẹ́fà tí wọ́n tò yí ká wà níwájú atayò kọ̀ọ̀kan, ọmọ aláwọ̀ méjìlá sì wà nínú wọn. Wàá kó gbogbo ohun tó wà nínú abọ́ kan, wàá já wọn sílẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, abọ́ tí èyí tó kẹ́yìn bá sì bọ́ sí ni yóò sọ iṣẹ́ tí o lè ṣe: o lè kọ́lé, o lè kó ọjà sọ́kọ̀, o lè kó ọmọ ogun jáde. Ní 2014, Bruno Cathala ará Faransé ṣe Five Tribes. Ó to páálí ọgbọ̀n sílẹ̀, ó kó ènìyàn onígi mẹ́ta mẹ́ta lé ọ̀kọ̀ọ̀kan, àádọ́rùn-ún lápapọ̀, ó sì ní kí a bù wọ́n, kí a máa já wọn sílẹ̀ bí ọmọ ayò. Ẹni tó bá dàgbà sídìí ọpọ́n, tó ti kọ́ bí a ṣe ń fi ojú ka ilé kí ọwọ́ tó bà á, kò ní pẹ́ rárá kó tó gbọ́ èdè àwọn ayò wọ̀nyí. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí kó ayò jọ pé ọpọ́n ayò kan, tí agbẹ́gilére gbẹ́ dáadáa, ló yẹ kó kọ́kọ́ dé orí pẹpẹ. Kì í ṣe nítorí àṣà nìkan. Ayò tó dára ni, kò sì sí èyí tó wà nínú páálí olówó ńlá tó lè fojú tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀.

Bí o bá rò pé mo ń ṣe àsọdùn, ṣé o mọ ohun tó gbà kí kọ̀ǹpútà tó rí ìdí rẹ̀? Ní 2002, John Romein àti Henri Bal ní fáfitì Vrije ní Amsterdam fi kọ̀ǹpútà tó ní ọpọlọ 144 wo gbogbo ipò tó lè wáyé bí a bá fi ọmọ méjìdínláàádọ́ta bẹ̀rẹ̀ ayò nínú ilé méjìlá. Iye tí wọ́n kà jẹ́ 889,063,398,406. Wákàtí 51 ló gbà. Àbájáde rẹ̀? Bí ọ̀ta bá pàdé ọ̀ta, tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò sì ta àṣìta, ọ̀mì ni. Àwọn àgbà tí wọ́n ń ta á lábẹ́ igi láìní ìwé, láìní bírò, inú igbó yẹn ni wọ́n ń wọ̀ lójoojúmọ́.

Ẹbí ayò yìí kan náà ni Bantumi tó wà nínú fóònù Nokia 3310. Àìmọye ọmọ Nàìjíríà ló ti ta á láìmọ̀ pé eré ìdílé ni.

Ṣé o mọ̀ pé ẹni tó ń ṣe eyín àtọwọ́dá ló ṣẹ̀dá Catan? Klaus Teuber, ará Jámánì, ni. Ayò náà jáde ní 1995, ó sì gba ẹ̀bùn ayò tó dára jù lọ́dún náà ní orílẹ̀-èdè rẹ̀. Igi, bíríkì, irun àgùntàn, ọkà àti irin ni ọjà inú rẹ̀, kò sì sí ẹni tó lè dá gbogbo wọn ní. O gbọ́dọ̀ ná ọjà pẹ̀lú àwọn tó jókòó tì ọ́. Ẹni tí kò bá rí oníbàárà, báǹkì á gba mẹ́rin lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó fún un ní ẹyọ kan. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá kọ́lé sí etí èbúté, mẹ́ta tàbí méjì péré ni yóò san. Ọmọ Onitsha kò nílò àlàyé lórí ìyẹn. Ní 1857, ọkọ̀ ojú omi Dayspring gba Odò Ọya wá gúnlẹ̀ síbẹ̀, Àjàyí Crowther sì wà nínú rẹ̀. Lọ́dún yẹn náà ni ìjọ CMS àti ilé òwò Macgregor Laird fìdí múlẹ̀ ní etí odò. Látìgbà náà, ẹni tó ní ààyè létí omi ló ń pe iye.

Èkó náà ti wọ inú páálí. Ó wà lórí àwòrán ayé inú Pandemic, ayò tí Matt Leacock ṣe ní 2008, níbi tí gbogbo atayò ti jọ ń bá àjàkálẹ̀ àrùn jà, tí wọ́n sì jọ ń borí tàbí kí wọ́n jọ pàdánù. Ní 2012, Nimi Akinkugbe gbé Monopoly ti Èkó jáde, ìlú àkọ́kọ́ ní Áfíríkà tó ní tirẹ̀. Banana Island ni ilẹ̀ tó wọ́n jù níbẹ̀.

Nípa Scrabble, inú mi ṣì ń dùn bí ẹni pé àná ni. Ní oṣù Kọkànlá 2015, ní Perth ní Australia, Wellington Jighere na Lewis Mackay ará Gẹ̀ẹ́sì ní mẹ́rin sí òdo, ó sì di ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó gba ife-ẹ̀yẹ àgbáyé lédè Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n gbé èdè wọn wá fún wa, a fi borí wọn nílé ayò.

Àwa fúnra wa sì ti ń ṣe tiwa. Ní Àbújá, Kenechukwu Ogbuagu àti ilé-iṣẹ́ rẹ̀, NIBCARD Games, ń ṣẹ̀dá ayò, wọ́n sì ń tẹ̀ ẹ́ jáde níbí. Òun náà ló bẹ̀rẹ̀ AB Con, ìpàdé tí àwọn ènìyàn ti ń kóra jọ láti ta ayò.

Ẹni tó bá ń kó ayò jọ ní Onitsha gbọ́dọ̀ mọ̀ pé òjò àti ọ̀rinrin odò kì í fi páálí sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ọyẹ́ máa ń mú kí pátákó ayò ká sókè. Má ṣe gbé wọn ti ògiri, má sì gbé wọn sílẹ̀níílẹ̀ nítorí ikán. Pẹpẹ irin dára. Fi àpò ọ̀rá kéékèèké wọ àwọn káàdì. Ìdì kékeré tó máa ń wà nínú páálí bàtà tuntun, èyí tí wọ́n kọ ọ́ sí lára pé kí a má jẹ, má ṣe dà á nù: ọ̀rinrin ló ń fà mu. Kó méjì mẹ́ta sínú páálí ayò kọ̀ọ̀kan.

Owó ńkọ́? Ṣé o mọ̀ pé ọ̀pọ̀ àwọn aṣẹ̀dá ayò máa ń gbé ayò wọn sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, kí ẹni tó bá fẹ́ lè tẹ̀ ẹ́ fúnra rẹ̀? Ìlú tó yẹ fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni Onitsha. Láti àwọn ọdún 1940 títí dé àkókò ogun abẹ́lé ni àwọn ìtẹ̀wé ibẹ̀ ti ń tẹ ìwé pẹlẹbẹ olówó pọ́ọ́kú, ìtàn ìfẹ́, ìmọ̀ràn àti eré, tí àwọn ọ̀mọ̀wé káyé ń kà tí wọ́n sì ń kọ ìwé lé lórí dòní. Títí di òní, ìtẹ̀wé kò tán nílùú náà. Gbé fáìlì rẹ lọ bá wọn, ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sórí páálí tó le, gba síṣọ́ọ̀sì tó mú dáadáa, kí o sì pe ẹni mẹ́ta wá sílé lọ́jọ́ Sátidé.