Pẹ́dà Ọ́kítéèfù: Èwo Ni Kí Onígìtá Rà?

ATỌ́KÙN: Ọ̀rọ̀ gìtá oníná ni a fẹ́ gbé yẹ̀wò lónìí. Kì í ṣe ohun àjèjì ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá. Abẹ́òkúta ni a bí Fẹlá Aníkúlápò-Kútì sí ní ọdún 1938. Ebenezer Obey, ọmọ Ẹ̀gbá tí a bí sí Ìdogò ní ọdún 1942, dá ẹgbẹ́ International Brothers sílẹ̀ ní ọdún 1964. Nínú orin àwọn méjèèjì, gìtá kì í dá wà: bí ọ̀kan bá ń dá, òmíràn a máa gbè é, gìtá béèsì a sì máa dún nísàlẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ akọrin ilé ẹ̀kọ́ tàbí ti ìjọ lè máà ní ju onígìtá kan ṣoṣo lọ, ọwọ́ kan kò sì gbẹ́rù dórí. Ìdí nìyí tí àwọn ọ̀dọ́ fi ń wá pẹ́dà ọ́kítéèfù. Olùkọ́ orin kan láti Abẹ́òkúta ni àlejò wa. Ọ̀gá, ẹ káàbọ̀. Kí ni à ń pè ní ọ́kítéèfù?

OLÙKỌ́ ORIN: Mo dúpẹ́ o. Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí gbogbo olùkọ́ mọ̀. Bí akọrin bá kọ dò, re, mí títí dé tì, yóò tún kan dò mìíràn lókè. Dò méjèèjì jọ ara wọn, bí ìgbà tí bàbá àti ọmọ rẹ̀ kékeré bá jọ ń kọ orin kan náà. Àlàfo tí ó wà láàárín wọn ni ọ́kítéèfù. Ohun tí ó fà á ni pé okùn tí ó ń dún dò òkè ń gbọ̀n ní ìlọ́po méjì ti ìsàlẹ̀. Okùn tí ó nípọn jù lára gìtá ń gbọ̀n ní nǹkan bí ìgbà 82 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí a bá pín in sí méjì, ó di 41. Ohùn okùn tí ó nípọn jù lára gìtá béèsì nìyẹn.

Àpótí kékeré tí a ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ni pẹ́dà jẹ́. Wáyà gìtá ń gba inú rẹ̀ kọjá kí ó tó dé ẹ̀rọ agbóhùnsókè. Bí pẹ́dà náà bá jẹ́ ti ọ́kítéèfù, ohùn tí a ta yóò jáde pẹ̀lú èkejì rẹ̀, yálà lókè tàbí nísàlẹ̀.

ATỌ́KÙN: Ǹjẹ́ bákan náà ni gbogbo wọn ṣe ń ṣiṣẹ́?

OLÙKỌ́ ORIN: Rárá o. Oríṣi mẹ́ta ni kí ẹni tí ó bá ń lọ sọ́jà mọ̀.

Èkíní ń gbé ohùn sókè. Ohùn gìtá nínú wáyà dà bí ìgbì omi, ó ń ga, ó ń rẹlẹ̀. Pẹ́dà yìí yóò ká apá tí ó rẹlẹ̀ sókè, tí ìgbì kan yóò fi ní orí méjì. Roger Mayer, ará Ìlú Ọba, ṣe irú rẹ̀ fún Jimi Hendrix, ẹni tí ó lò ó nínú orin “Purple Haze” ní ọdún 1967. Ohùn rẹ̀ máa ń ha, ó sì máa ń ta létí.

Èkejì ń sọ ohùn sí ìsàlẹ̀. Ó ń ka ìgbì ni: bí méjì bá wọlé, ẹyọ kan ni yóò jẹ́ kí ó jáde. OC-2 tí ilé iṣẹ́ Boss ti ilẹ̀ Japan gbé jáde ní ọdún 1982 jẹ́ irú èyí. Ohùn rẹ̀ nípọn, ó sì kún. Ṣùgbọ́n ẹyọ ohùn kan ṣoṣo ni ó lè kà lẹ́ẹ̀kan. Bí okùn méjì bá dún pọ̀, ìṣirò a dà rú mọ́ ọn lójú.

Ẹ̀kẹta ní kọ̀ǹpútà kékeré nínú, tí ó lè gbọ́ ohùn púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. POG ti ilé iṣẹ́ Electro-Harmonix ti ìlú New York, tí ó jáde ní ọdún 2005, ni ó sọ oríṣi yìí di olókìkí. OC-5 ti Boss, tí ó jáde ní ọdún 2020, sì kó ìṣe àtijọ́ àti ti ìgbàlódé pọ̀ sínú àpótí kan.

ATỌ́KÙN: Ẹlòmíràn lè sọ pé èyí tí ó bá ṣáà ti dùn mọ́ òun létí ni òun yóò rà. Kí ni ẹ rí sí i?

OLÙKỌ́ ORIN: Bí gìtá wa bá ń kọrin lásán ni, n kò ní jiyàn. Ṣùgbọ́n gìtá wa ń sọ̀rọ̀. Nínú orin jùjú, ohun tí gángan bá sọ, onígìtá lè gbà á sọ. Àwọn àgbà Abẹ́òkúta sì ti mọ ìṣòro tí ó wà nínú èyí kí gìtá oníná tó dé. Nígbà tí a kọ́kọ́ ń fi ohùn orin òyìnbó kọ orin ìsìn tí a túmọ̀, ọ̀rọ̀ a máa yí padà lẹ́nu akọrin. Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti, bàbá bàbá Fẹlá, wà lára àwọn tí ó kọ orin ìsìn tiwa. Ó sì kọ ọ́ sínú àwo ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1922.

Ẹ gbọ́ àpẹẹrẹ kan. Bí mo bá fẹ́ fi gìtá pòwe pé “Ọ̀rọ̀ púpọ̀ kò kún agbọ̀n,” ohun tí n ó ta ni dò dò, mí dò, dò, mí, re dò. Pẹ́dà tí ó péye yóò sọ gbogbo rẹ̀ sí ìsàlẹ̀ lọ́gbọọgba. Òwe náà kò bàjẹ́, bí kò ti ń bàjẹ́ bí ìyá ìlù àti gángan bá jọ sọ ọ́. Ṣùgbọ́n pẹ́dà tí ń ka ìgbì a máa ṣìṣe nígbà tí ohùn bá ń kú lọ, àgàgà lórí àwọn okùn tí ó nípọn. Ohùn ìsàlẹ̀ a ṣàdédé fò sókè. Bí dò ìparí bá fò sókè bẹ́ẹ̀, agbọ̀n tí à ń kó ẹrù sí ti di agbọ́n tí ń ta ni! Ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá lè pe èyí ní àléébù kékeré. Lọ́dọ̀ wa, ọ̀rọ̀ ni ó bàjẹ́.

ATỌ́KÙN: Òótọ́ ni. Ọ̀gá, èwo wá ni kí akẹ́kọ̀ọ́ tí owó rẹ̀ kò pọ̀ rà?

OLÙKỌ́ ORIN: Kí ó kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ léèrè ohun tí ó fẹ́ ta. Bí ó bá jẹ́ gìtá tẹ́nọ̀, irú èyí tí a ń gbọ́ nínú orin Fẹlá, tí ń ta ẹyọ kọ̀ọ̀kan ní àtúntà, èyí tí ń ka ìgbì tó o. Bí ó bá sì ń ta okùn méjì mẹ́ta pọ̀, bí a ti ń ṣe nínú jùjú àti nínú ìjọ, oríṣi ẹ̀kẹta nìkan ni kò ní dójú tì í. Èyí tí ń ha, ti ẹni tí ó fẹ́ kí gìtá òun ké bí ti Hendrix ni.

Lẹ́yìn náà, kí ó gbé gìtá tirẹ̀ dání lọ sọ́dọ̀ oníṣòwò, kí ó sì dán nǹkan mẹ́rin wò. Kí ó ta okùn tí ó nípọn, kí ó fi í sílẹ̀ títí yóò fi kú. Bí ohùn bá ń fò, kí ó ṣọ́ra. Kí ó ta okùn méjì pọ̀. Kí ó pa òwe kan, kí ó sì bi ẹni tí ó dúró tì í léèrè ohun tí ó gbọ́. Ní ìparí, kí ó pa pẹ́dà náà, kí ó gbọ́ bóyá ohùn gìtá fúnra rẹ̀ ṣì mọ́.

ATỌ́KÙN: Iná mànàmáná ńkọ́? Gbogbo wa ni a mọ bí ó ti rí.

OLÙKỌ́ ORIN: Fóòtì 9 ni ọ̀pọ̀ pẹ́dà ń lò. Kí ó ka ohun tí a kọ sí ara rẹ̀ kí ó tó ki wáyà bọ̀ ọ́, nítorí iná tí ó bá gba òdì wọlé lè pa á. Àwọn tí ó ní kọ̀ǹpútà nínú máa ń tètè jẹ bátìrì, àwọn mìíràn kò tilẹ̀ ní àyè bátìrì rárá. Kí ó tún rántí pé sípíkà kékeré kò lè gbé ohùn tí ń gbọ̀n ní ìgbà 41. Ó lè ya. Ẹ̀rọ agbóhùnsókè ti béèsì ni ó yẹ ẹ́.

Bí ó bá sì ti rà á, kí ó fi í ṣáájú àwọn pẹ́dà yòókù, kí ohùn gìtá lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ní mímọ́. Kí ó lo agbóhùn tí ó súnmọ́ ọrùn gìtá, kí ó sì dín ohùn tí ń dún wínníwínní kù.

ATỌ́KÙN: Ṣé a lè wá sọ pé onípẹ́dà kò nílò ẹni tí yóò ta béèsì mọ́?

OLÙKỌ́ ORIN: Mo dúpẹ́ pé ẹ béèrè. Ibi tí gìtá bá lọ ni ohùn pẹ́dà ń lọ. Kò lè dá a lóhùn. Béèsì tòótọ́ ń gbọ́ ohun tí gìtá sọ, ó sì ń fèsì. Ìfọ̀rọ̀wérọ̀ yìí ni ẹwà orin wa. Nítorí náà, bí ọmọ kan bá wà nínú kíláàsì tí ó lè kọ́ béèsì, ẹ kọ́ ọ kí ẹ tó náwó sórí pẹ́dà. Bí kò bá sí, ẹ ra èyí tí kò ní ba ọ̀rọ̀ jẹ́.

ATỌ́KÙN: Ẹ̀yin òǹwòran wa, ọ̀rọ̀ púpọ̀ kò kún agbọ̀n.