Sìkọ́láṣíìpù fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kinesiology ní Ìbàdàn

Kinesiology jẹ́ ìmọ̀ nípa bí ara ọmọnìyàn ṣe ń rìn, tó ń sáré, tó sì ń ṣiṣẹ́. Apá kan rẹ̀ dá lórí eré ìdárayá tí a ṣètò kí àwọn àkàndá ẹ̀dá lè kópa nínú rẹ̀. Ní Rio ní ọdún 2016, irú àwọn eléré bẹ́ẹ̀ gba àmì-ẹ̀yẹ wúrà 8 fún Nàìjíríà ní ìdíje Paralympics. Yunifásítì Ìbàdàn, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1948, ń kọ́ni ní ìmọ̀ yìí ní ẹ̀ka Human Kinetics.

Sìkọ́láṣíìpù tó dárúkọ ìmọ̀ yìí ní pàtó kò wọ́pọ̀ ní Nàìjíríà. Akẹ́kọ̀ọ́ láti àdúgbò bí Òjé tó bá ń wá kìkì irú rẹ̀ lè pàdánù àwọn tó ṣí sílẹ̀ fún oríṣiríṣi ẹ̀kọ́, bíi ti ìjọba àpapọ̀ àti ti ìpínlẹ̀. Ti ìpínlẹ̀ sábà máa ń béèrè ìwé-ẹ̀rí ọmọ onílùú láti ọ̀dọ̀ ìjọba ìbílẹ̀.

Owó NELFUND, tó wà lábẹ́ òfin ọdún 2024, kì í ṣe sìkọ́láṣíìpù. Ẹ̀yáwó tí kò ní èlé ni. Ẹni tó bá gbà á yóò san án padà.

Fún oyè kejì, ètò Erasmus Mundus ti Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ti ṣe onígbọ̀wọ́ ẹ̀kọ́ eré ìdárayá àwọn àkàndá ẹ̀dá, èyí tí yunifásítì KU Leuven ní Bẹ́ljíọ̀m ṣe aṣáájú rẹ̀.