Àmì tí Kòrónà Ń Fi Sára Jíìnì: Àlàyé fún Àwọn tí Ara Wọn Kò Tíì Bọ̀ Sípò

Àwọn kan wà tí àyẹ̀wò ti fi hàn pé kòrónà ti kúrò lára wọn, síbẹ̀ tí ó ń rẹ̀ wọ́n tẹnutẹnu, tí iyè wọn ń ra, tí wọ́n sì ń mí hẹlẹhẹlẹ bí wọ́n bá gun àtẹ̀gùn díẹ̀. Ọ̀lẹ kọ́ ló ń ṣe wọ́n, wọn kò sì purọ́. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2021, Àjọ Ìlera Àgbáyé là á sílẹ̀ pé bí irú ìnira bẹ́ẹ̀ bá ṣì wà lẹ́yìn oṣù mẹ́ta tí àrùn náà bẹ̀rẹ̀, tí ó ti pé oṣù méjì ó kéré tán, tí kò sì sí àìsàn mìíràn tí ó fà á, àbájáde kòrónà ni kí a kà á sí.

Láti mọ ohun tí ó lè wà nídìí rẹ̀, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo inú ara. Inú sẹ́ẹ̀lì, ìyẹn ẹyọ tín-ín-tín tí a fi mọ ara ènìyàn, ni DNA wà, òun sì ni àkọsílẹ̀ tí ara ń tẹ̀ lé. Apá kọ̀ọ̀kan rẹ̀ tí ń pàṣẹ iṣẹ́ kan ni jíìnì, àwọn tí ń pàṣẹ bí a ó ṣe pèsè purotéènì nínú wọn sì tó nǹkan bí 20,000. Sẹ́ẹ̀lì kì í ka gbogbo wọn pọ̀. Àwọn àmì kéékèèké tí ń lẹ̀ mọ́ DNA ló ń sọ èyí tí yóò kà àti èyí tí yóò fò, ìmọ̀ nípa wọn ni a sì ń pè ní èpíjẹnẹ́tíìkì. Ẹni tí ó bá mọ ìyàtọ̀ láàárín ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ ti mọ̀ pé lẹ́tà lè wà bákan náà kí àmì máà jọra. Àmọ́ àkàwé náà kò pé tán, nítorí pé ìtumọ̀ kọ́ ni àmì ara jíìnì ń yí padà, ńṣe ló ń ṣí i sílẹ̀ tàbí kí ó tì í pa.

Ní ọdún 2023, àwọn olùwádìí ní New York tẹ iṣẹ́ kan jáde lórí ẹ̀jẹ̀ àwọn tí kòrónà kọlù gidigidi. Wọ́n rí i pé àwọn àmì yìí ti yí padà nínú monosáìtì, ọ̀kan lára àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun tí ń gbèjà ara, ìyípadà náà sì wà níbẹ̀ títí di ọdún kan. Bẹ́ẹ̀ monosáìtì kì í lò ju ọjọ́ mélòó kan lọ nínú ẹ̀jẹ̀. Inú mùdùnmúdùn egungun ni àṣírí náà wà, níbi tí àwọn sẹ́ẹ̀lì ìyá tí ń bí monosáìtì ń gbé: ara ìyá ni àmì náà wà, àwọn ọmọ tí ó ń bí sì ń jogún rẹ̀, tí wọ́n fi ń gbáradì fún ogun tí ó ti parí. Èyí kò túmọ̀ sí pé àmì wọ̀nyí nìkan ló fa gbogbo àárẹ̀ náà.

Kò sí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí a fọwọ́ sí fún àwọn àmì yìí, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ṣe náwó lé èyí tí wọ́n ń polówó, tàbí lé àgbo tí wọ́n ní ó ń fọ jíìnì. Àyẹ̀wò tí ó ṣe pàtàkì ni ti ìtọ̀ ṣúgà, àìtó ẹ̀jẹ̀ àti ikọ́ ẹ̀gbẹ, nítorí pé àwọn àìsàn wọ̀nyí lè fara jọ àbájáde kòrónà. Ní ti iṣẹ́ ṣíṣe, ẹni tí ara rẹ̀ kò tíì bọ̀ sípò tí ó fọ aṣọ púpọ̀ lónìí lè má mọ̀ ọ́n lára títí di ọ̀la tàbí ọ̀túnla, kí ó tó dùbúlẹ̀ gbalaja. Kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ pín iṣẹ́ rẹ̀ sí wẹ́wẹ́, kí ó sì máa sinmi kí ó tó rẹ̀ ẹ́. Kí ó kọ iṣẹ́ tí ó ṣe àti bí ara rẹ̀ ti rí lójoojúmọ́ sínú ìwé fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí ó sì mú ìwé náà dání wá sí ilé ìwòsàn.