Pẹ̀rẹ̀gún wọ ọ́fíìsì: kí ni ewé ń ṣe fún ọpọlọ òṣìṣẹ́?

Ní àwọn abúlé tó wà láàárín Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́, pẹ̀rẹ̀gún la fi ń pa ààlà ilẹ̀, òun náà ló sì sábà máa ń wà níwájú ojúbọ. Pẹ̀rẹ̀gún yìí kan náà, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Dracaena fragrans, ni wọ́n ń fi owó gidi rà sínú ọ́fíìsì ní ilẹ̀ Yúróòpù àti Amẹ́ríkà. Kò sẹ́ni tó ń bọ ọ́ níbẹ̀ o. Torí ara àti ọpọlọ òṣìṣẹ́ ni wọ́n ṣe gbé e wọlé.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ti gbọ́ ni pé ewé ń fọ afẹ́fẹ́ yàrá mọ́. Ní 1989, NASA gbé pẹ̀rẹ̀gún àti àwọn ewéko mìíràn sínú àpótí tí wọ́n sé pa, májèlé inú afẹ́fẹ́ ibẹ̀ sì dínkù. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ọ́fíìsì kì í ṣe àpótí. Ní 2019, àwọn onímọ̀ méjì ní Yunifásítì Drexel tún gbogbo irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ yẹ̀ wò. Wọ́n ní ó máa gba kòkò ewéko 10 sí 1,000 lórí ilẹ̀ mítà kan níbùú lóròó kó tó ṣe iṣẹ́ tí atẹ́gùn tó ń wọlé láti ìta ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ afẹ́fẹ́ tó mọ́, kó ṣí fèrèsé.

Ọkàn ni ewé ti wúlò jù. Rachel àti Stephen Kaplan ti Yunifásítì Michigan ló là á yé wa: àfiyèsí tí a fi ń ṣírò owó, tí a fi ń ka ìwé, tí a fi ń di etí sí ariwo, ó máa ń rẹ̀. Ewé tí atẹ́gùn ń mì máa ń fa ojú mọ́ra láìfi ipá mú ọpọlọ, àfiyèsí tó ti rẹ̀ yóò sì ráyè sinmi. Ní Melbourne, ìwádìí tó jáde ní 2015 fi hàn pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó fi ìṣẹ́jú-àáyá 40 péré wo àwòrán òrùlé tí koríko àti òdòdó bò kò ṣàṣìṣe tó àwọn tó wo òrùlé kọnkéré. Èmi rò pé irú wíwò bẹ́ẹ̀ wúlò fún wa ju kòkò òdòdó lọ, torí ọ̀fẹ́ ni.

Ẹ wo afíngbá ní Ọ̀yọ́. Ó fi igbá lé itan, ó ń fi ṣóńṣó ọ̀bẹ fa ilà tó tín-ín-rín bí irun, èèpo ń já bọ́ sórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Bí ọwọ́ bá ṣì pẹ́nrẹ́n, igbá ti bàjẹ́ nìyẹn. Yóò fín díẹ̀, yóò gbójú sókè wo ìta, yóò tún dorí kọ igbá. Wíwò yẹn, tí ọ̀gá ọ́fíìsì yóò pè ní ìmẹ́lẹ́, ara iṣẹ́ ni. Akọ̀wé ńkọ́? Kọ́tìnì tí wọ́n fà bo fèrèsé, fáìlì gègèrè níwájú, jẹnẹrétọ̀ ń bú lẹ́yìn ilé.

Ògbómọ̀ṣọ́ ò tiẹ̀ yẹ kó wá igi lọ síbì kankan. Ìlú máńgòrò ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ṣọ́ọ̀bù lónìí, igi ló kọ́kọ́ ń gé, yóò wá da ìńtálọ́ọ̀kì kúnlẹ̀, pé ewé ń dọ̀tí àyíká. Kó tó di Èrèlé, ó ti ń wá owó ẹ̀rọ amúlétutù.

Igi tí à ń gé yẹn sì ní iṣẹ́ tó ń ṣe. Ní 1984, onímọ̀ kan, Roger Ulrich, kọ nípa aláìsàn 46 tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ òróòro fún ní ilé ìwòsàn kan ní Pennsylvania. Ìdajì wọn ń rí igi lójú fèrèsé, ìdajì ń rí ògiri. Àwọn tó ń rí igi tètè lọ sílé, wọn ò sì lo oògùn ìrora líle tó àwọn yòókù. Èèyàn 46 kò pọ̀. Síbẹ̀, Ògbómọ̀ṣọ́, ìlú tó ní ilé ìwòsàn yunifásítì méjì, ti LAUTECH àti ti Bowen, yẹ kó fetí sí i, torí kì í ṣe aláìsàn nìkan, àwọn nọ́ọ̀sì náà ń wo ìta lójú fèrèsé.

Ewé kò lè dípò owó oṣù tí wọn ò san, kò sì lè pa ẹnu jẹnẹrétọ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí tábìlì rẹ̀ kọjú sí ògiri lè yí i sí fèrèsé lónìí. Bó bá sì gbé kòkò wọlé, kó máa da omi inú àwo ìsàlẹ̀ rẹ̀ nù, kí ẹ̀fọn má baà yé síbẹ̀.