Ẹlẹ́mu Kì í Gun Ọ̀pẹ Láìní Igbà: Ọ̀rọ̀ lórí Bẹ́líìtì Inú Ọkọ̀

Lọ́sẹ̀ yìí n kò ní sọ̀rọ̀ ibà tàbí inú rírun. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ni mo fẹ́ bá yín sọ, nítorí pé nínú àwọn tí à ń wẹ egbò fún ní díspẹ́nsárì, ọ̀pọ̀ ni ó jẹ́ pé ọkọ̀ ni ó ṣe wọ́n léṣe. Bí mo bá ń di ojú egbò wọn, mo máa ń bi wọ́n pé, “Ṣé ẹ so bẹ́líìtì?” Ìdáhùn wọn ni mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò lónìí.

Ta ni nínú yín tí ó tíì rí ẹlẹ́mu tí ó gun ọ̀pẹ láìní igbà? Bí ó ti wù kí ó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ tó, kò jẹ́ sọ pé òun ti mọ ọ̀pẹ gùn, kí ó wá ju igbà nù. Igbà tiwa nínú ọkọ̀ ni bẹ́líìtì. Bí ọkọ̀ tí ó ń sá eré 50 kìlómítà ní wákàtí kan bá kọlu ògiri, ẹni tí kò so bẹ́líìtì yóò lọ kọlu iwájú ọkọ̀ bí ẹni tí ó já bọ́ láti orí igi tí ó ga tó mítà 10. Bí eré náà bá di 100, gíga igi náà yóò di ìlọ́po mẹ́rin.

Nils Bohlin, ọmọ ilẹ̀ Swídìn, ni ó ṣe irú bẹ́líìtì tí à ń lò báyìí fún ilé iṣẹ́ Volvo ní ọdún 1959, ilé iṣẹ́ náà sì gba àwọn ilé iṣẹ́ ọkọ̀ yòókù láàyè láti lò ó. Apá kan gba àyà, apá kejì gba ìbàdí, kí ó lè jẹ́ pé egungun líle ni yóò gba agbára ìkọlù náà, kì í ṣe ikùn tí ó rọ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ó lè dín ewu ikú kù tó ìdajì.

Èkínní nínú àwọn ìdáhùn náà ni pé, “Nígbà tí mo bá rí ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ni mo máa ń so ó.” Lóòótọ́, láti ọdún 1988 tí ìjọba àpapọ̀ ti dá àjọ náà sílẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣọ́ títì fún wa. Ṣùgbọ́n owó ìtanràn nìkan ni ẹ̀ṣọ́ lè gbà lọ́wọ́ yín.

Èkejì: “Bí ọkọ̀ bá gbiná, bẹ́líìtì yóò há mi mọ́ ibẹ̀.” Ọ̀pọ̀ jàǹbá ọkọ̀ kì í ní iná nínú. Bí iná bá sì sọ, ẹni tí orí rẹ̀ pé ni ó lè tẹ bọ́tìnnì kan ṣoṣo, kí ó sì sá jáde. Ẹni tí ó ti forí gbá gíláàsì tí ó dákú kò lè sá fún iná.

Ẹ̀kẹta: “Ẹ̀yìn ni mo jókòó sí.” Ẹni ẹ̀yìn tí kò so bẹ́líìtì yóò fò síwájú, ó sì lè pa ẹni tí ó jókòó níwájú rẹ̀.

Ẹ̀kẹrin, ẹ̀yin ìyá: “Ọmọ mi wà lórí itan mi, mo dì í mú.” Ẹ̀yin ìyá mi, ìfẹ́ kò lè fún apá ní irú agbára bẹ́ẹ̀. Nígbà ìkọlù, ọmọ tí ó wọn kílò 10 yóò fà lọ́wọ́ yín ju àpò sìmẹ́ńtì méjì lọ. Ẹ má ṣe fi bẹ́líìtì kan so ara yín pọ̀ mọ́ ọmọ, nítorí ara yín ni yóò tẹ̀ ẹ́ pa. Ẹ̀yìn ọkọ̀ ni àyè ọmọdé, lórí ìjókòó ọmọdé tí ó ní okùn tirẹ̀.

Ẹ̀karùn-ún, àwọn aláboyún ń bẹ̀rù pé yóò fún oyún pa. Ẹ so ó, ẹ̀yin ìyàwó wa. Kí apá ìsàlẹ̀ wà lábẹ́ ikùn, lórí egungun ìbàdí. Kí apá òkè gba àárín ọmú méjèèjì kọjá lọ sí ẹ̀gbẹ́ ikùn. Kí ó má ṣe gba orí ikùn rárá.

Ẹ̀kẹfà: “Ọkọ̀ mi ní airbag.” Olùrànlọ́wọ́ bẹ́líìtì ni àpò afẹ́fẹ́ yìí, kì í ṣe arọ́pò rẹ̀. Pẹ̀lúpẹ̀lù, ẹ ṣọ́ra fún ọkọ̀ Tòkunbọ̀, nítorí pé àpò ẹlòmíràn ti bẹ́ ní òkè òkun, tí wọ́n kàn bo ojú rẹ̀. Àwọn àpò kan tí ilé iṣẹ́ Takata ti ilẹ̀ Jàpáánù ṣe tilẹ̀ ń fọ́n irin lu ènìyàn bí wọ́n bá bẹ́. Ní Amẹ́ríkà nìkan, nǹkan bíi mílíọ̀nù 67 ni wọ́n ní kí a dá padà, ilé iṣẹ́ náà sì wọ gbèsè ní 2017. Kí ẹ tó ra ọkọ̀, ẹ mú nọ́ńbà ṣásíìsì rẹ̀ kí ẹ fi wádìí lórí íntánẹ́ẹ̀tì bóyá wọ́n ti ní kí a dá irú rẹ̀ padà.

Ní òwúrọ̀ ọ̀la, kí ẹ tó ṣíná sí ọkọ̀, ẹ fa bẹ́líìtì kọ̀ọ̀kan lójijì. Ó yẹ kí ó há. Bí kò bá há, tàbí tí ó ti já létí, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Bí jàǹbá bá sì ṣẹlẹ̀, tí inú ń dun yín, tí ẹ ń bì, tàbí tí oorun àìdáa ń kùn yín, ẹ má ṣe sọ pé kò sí egbò lára. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ lójú ẹsẹ̀, nítorí ẹ̀jẹ̀ lè máa dà nínú.

Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí. Ó dọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀ o. Kí Ọlọ́run máa ṣọ́ àlọ àti àbọ̀ wa.